Ìṣẹ́gun 1,116 àbí 1,015? Bí ìwé ìṣirò Jim Boeheim ṣe di méjì

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2012, nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ikọ̀ Amẹ́ríkà lu D'Tigers, ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wa, ní àlùbami. 156 sí 73. Kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì eré, Amẹ́ríkà ti ní àmì 78. Ayọ̀ Bákàrè ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa lọ́jọ́ náà, Olúmidé Oyèdèjì sì ni balógun, ṣùgbọ́n kí ni balógun fẹ́ ṣe sí Carmelo Anthony? Ìgbà 12 ló ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ìlà oní-àmì-mẹ́ta, 10 wọlé. Ìṣẹ́jú 14 péré ló lò lórí pápá, ó ti kó àmì 37 jọ. Wọ́n ní kó lọ jókòó.

Ibi tó lọ jókòó sí yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Lórí bẹ́ǹṣì Amẹ́ríkà, láàrin àwọn tó ń ran Mike Krzyzewski tó jẹ́ ọ̀gá kóòṣì lọ́wọ́, bàbá kan wà tí irun ti tán lórí rẹ̀, tó wọ gíláàsì, tí ojú rẹ̀ sì máa ń rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú rẹ̀. Jim Boeheim ni. Béháìmù ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ́ Carmelo ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Yunifásítì Syracuse, ní ìpínlẹ̀ New York.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn bàbá yìí, ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibì kan á sọ pé ìgbà 1,116 ló borí. Ibòmíràn, ìwé àwọn aláṣẹ fúnra wọn, á ní 1,015 ni. Ẹnì kan á ní ìṣẹ́gun 108 ni wọ́n yọ kúrò, ẹlòmíràn á ní 101. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì ọdún 2003 lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ife-ẹ̀yẹ yìí, irọ́ gbáà ni. Àwọn nọ́ńbà yòókù, kò sí èyí tí kò ní ìdí tirẹ̀, ìdí náà sì ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ níbí.

Kí ló dé tó jẹ́ pé kóòṣì ni wọ́n ń ka ìṣẹ́gun fún?

Ẹ má fi bọ́ọ̀lù yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà wé NUGA wa o. Òwò ńlá ni lọ́hùn-ún. Gbọ̀ngàn tí Syracuse ti ń gbá bọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ṣí ní 1980 tí wọ́n pè ní Carrier Dome, ti gba èrò tó lé ní 35,000 lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn wá wo bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n lóòótọ́. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì, kó ṣe ìdánwò, kí máàkì rẹ̀ sì tó iye kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní wọ pápá. Àjọ tó ń ṣòfin fún gbogbo wọn ni NCAA.

Sáà mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ní láti fi gbá a. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: Carmelo lo sáà kan ṣoṣo ní Syracuse, ó bá tirẹ̀ lọ sí NBA, líìgì àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó, níbi tí owó wà. Ìyẹn ni pé bí ọdún mẹ́rin bá ti yí po, ikọ̀ ti di ikọ̀ mìíràn látòkè délẹ̀. Ayálégbé ni àwọn ọmọ, kóòṣì ni onílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní NBA orúkọ agbábọ́ọ̀lù lèrò ń ké, ní yunifásítì orúkọ kóòṣì ni.

Iṣẹ́ onílé yìí kò sì mọ sórí pápá. Òun ló ń wọ bàálù lọ sílé ọmọ ọdún 17, tí yóò jókòó ti ìyá ọmọ ní pálọ̀, tí yóò máa ṣàlàyé ìdí tí ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ kúrò ní ìlú tí oòrùn ti ń ràn wá sí Syracuse, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohun tó lè ṣèlérí ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: owó ilé ìwé, ibùgbé, oúnjẹ. Owó ọwọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tirẹ̀. Títí di ọdún 2021, tí wọ́n gbà kí àwọn ọmọ máa forúkọ àti àwòrán ara wọn pawó, èèwọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gba kọ́bọ̀ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹ fi èèwọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà bá a níwájú.

Ẹni tó wọlé ní 1962 tí kò jáde mọ́

Ọmọ Lyons ni, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York náà. Oṣù Kọkànlá ọdún 1944 ni wọ́n bí i, òwò ìsìnkú ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó wọ Syracuse ní 1962, kò sí ẹni tó wá a wá, wọn kò sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kankan. Ó kàn rìn wọ ibi ìdánrawò ni, ó ní kí wọ́n dán òun wò. Dave Bing, ìràwọ̀ ikọ̀ náà, tó di olórí ìlú Detroit lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde ní 1966, ọmọ tí kò sẹ́ni tó wá a wá yìí ti di balógun pẹ̀lú Bing.

Ó gbá bọ́ọ̀lù olówó díẹ̀ ní Scranton, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, owó tí kò tó ra bùrẹ́dì ni wọ́n ń san níbẹ̀ lásìkò yẹn. Ní 1969 ó padà sí Syracuse bí igbákejì kóòṣì. Ní 1976 ọ̀gá rẹ̀, Roy Danforth, gba iṣẹ́ sí Yunifásítì Tulane, wọ́n sì gbé Boeheim gorí àpèrè. Ẹni ọdún 31 ni. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó borí 26, ó pàdánù 4. Kò kúrò lórí àpèrè náà títí di oṣù Kẹta ọdún 2023. Sáà 47 gbáko, ilé ìwé kan ṣoṣo. Gerald Ford ni ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, Joe Biden ni nígbà tó kúrò.

Nínú sáà 47 yìí, ọ̀kan péré ni ìpàdánù rẹ̀ fi ju ìṣẹ́gun lọ: 2021 sí 2022, tó borí 16 tó pàdánù 17. Sáà yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, Buddy àti Jimmy, jọ wà nínú ikọ̀. Bàbá kò lè rí ẹni dá lẹ́bi nílé.

Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni ọgbọ́n ìdènà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kóòṣì máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú alátakò kan, kó tẹ̀ lé e bí òjìji. Boeheim kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ààyè ni kí kálukú ṣọ́: méjì lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀ lẹ́bàá àwọ̀n. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sọ́tùn-ún, gbogbo márààrún á jọ sún sọ́tùn-ún, ọwọ́ wọn lókè. Ẹni tí apá rẹ̀ gùn ni irú ìdènà yìí ń fẹ́, ẹni tí apá rẹ̀ gùn sì ni Boeheim ń wá kiri. Adùn rẹ̀ ni pé àwọn alátakò kì í sábà bá a pàdé níbòmíràn. Nínú ìdíje oṣù Kẹta, èyí tí wọ́n fi ń wá ikọ̀ tí yóò gba ife-ẹ̀yẹ ọdún náà, tí ikọ̀ máa ń ní ọjọ́ kan péré láàrin eré kan àti èkejì, ìgbà wo lèèyàn fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú okùn tí kò rí rí? Àléébù rẹ̀ ni kọ̀rọ̀ pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá yára dé kọ̀rọ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ a máa dá wà, àmì mẹ́ta sì ni jíjù ibẹ̀.

Kọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti parí àṣekágbá ọdún 2003, ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin, ní New Orleans. Ṣáájú ìgbà yẹn, Boeheim ti dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti padà sílé lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1987, nínú Superdome kan náà yìí, Keith Smart ti Indiana ju bọ́ọ̀lù kan wọlé nígbà tí aago ti fẹ́ẹ̀ tán, wọ́n fi àmì kan ṣoṣo gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́: 74 sí 73. Ní 1996, Kentucky ló dá a padà. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyí, Kansas ló wà níwájú rẹ̀. Gerry McNamara, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní, ti ju mẹ́fà wọlé láti ẹ̀yìn ìlà oní-àmì-mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sinmi. Carmelo ní àmì 20. Síbẹ̀ náà, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, 81 sí 78 ni, bọ́ọ̀lù sì dé ọwọ́ Michael Lee ti Kansas ní kọ̀rọ̀, òun nìkan, kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé e sókè. Hakim Warrick ṣì wà nínú lọ́hùn-ún lẹ́bàá àwọ̀n nígbà yẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ gígùn kan, ó gbé èkejì, ó fò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ bá bọ́ọ̀lù náà lójú ọ̀run, ó sì gbá a jáde kúrò ní pápá. Ẹni tó bá tún wo fídíò rẹ̀ lónìí á ṣì rò pé kò ní bá a.

Ife-ẹ̀yẹ yẹn wà nílẹ̀ títí di òní, ó sì wà nínú gbogbo ìwé. Sáà 2004 sí 2005 ni ẹjọ́ tí a fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn lẹ́yìn ọdún kan tí wọ́n ti gbé ife náà sílé.

Ẹjọ́ náà

Ní 2007, yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí NCAA pé àwọn rí ohun tí kò tọ́. Ìwádìí falẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ tó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa bímọ. Nígbà tí ìdájọ́ fi jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 2015, ẹ̀sùn ti di ọ̀pọ̀. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdárayá YMCA kan ní ìlú Oneida ti fún àwọn ẹléré kan lówó. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá ti bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ kíláàsì kí máàkì má baà lé e kúrò ní pápá. Yunifásítì ní òfin tirẹ̀ lórí àyẹ̀wò oògùn olóró, ṣùgbọ́n nígbà tí àyẹ̀wò mú ẹléré, wọn kò tẹ̀ lé òfin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Wọn kò sọ pé Boeheim fi ọwọ́ ara rẹ̀ kówó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò mójú tó àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, pé kò jẹ́ kí ìbẹ̀rù òfin wà nínú ilé tó ń darí. Òun jiyàn, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ayálégbé bá da omi ìdọ̀tí sójú títì, onílé ni wolé-wolé ń béèrè. Ẹni tí wọ́n ń ka gbogbo ìṣẹ́gun fún láti 1976, kò sí bí wọn ò ṣe ní ka ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un. Ní tèmi o, mo rò pé ibi tí ìdájọ́ náà ti tọ́ jù nìyẹn.

Wọ́n dín ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ikọ̀ náà lè fúnni kù, wọ́n fi yunifásítì sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún márùn-ún, wọ́n ní kí Boeheim jókòó sílé fún eré 9. Wọ́n tún wọ́gi lé ìṣẹ́gun.

Kí ni wọ́n ń pè ní wíwọ́gilé?

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la fi ń wò ó. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bí ikọ̀ kan bá fi ẹni tí kò yẹ gbá eré, wọ́n á gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fún alátakò ní góòlù mẹ́ta sí òdo. Ìṣẹ́gun kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan, ó bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Ìyẹn yé gbogbo wa.

Wíwọ́gilé yàtọ̀. Wọ́n á wo àwọn eré tí ẹni tí kò yẹ ti wọ pápá. Èyí tí Syracuse bá borí nínú wọn, wọ́n á pa á rẹ́ kúrò nínú iye ìṣẹ́gun Syracuse, àti kúrò nínú ti Boeheim. Wọn kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ikọ̀ tí Syracuse nà lọ́jọ́ náà, ìpàdánù rẹ̀ dúró gbọin-in nínú ìwé tirẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn bí: eré kan ṣoṣo tó ní ẹni tó fìdí rẹmi, tí kò sì ní ẹni tó borí. Bí ẹ bá bi ìwé pé ta ló na wọ́n, ìwé kò ní dáhùn.

Ohun kejì tí kì í yé àwọn èèyàn ni pé ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń pa rẹ́. Eré tí Syracuse pàdánù láàrin àwọn sáà náà kò kúrò níbìkan.

Ìṣẹ́gun tí wọ́n wọ́gi lé wá láti inú sáà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, 2004 sí 2007, àti sáà méjì mìíràn, 2010 sí 2012. Lọ́jọ́ tí ìdájọ́ jáde, 108 ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé. Ìgbà 966 ni Boeheim ti borí nígbà náà. Ẹ yọ 108 kúrò, ó ku 858, nọ́ńbà yìí ló sì kún àkọlé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣirò náà délẹ̀ tán, 101 ni, kì í ṣe 108. Ohun tó kù fún un nígbà náà jẹ́ 865. Ẹni tó bá ṣì ń sọ 108 lónìí, ìwé ìròyìn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló kà, kò ka ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìwé ti di méjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá bàbá yìí yọ̀ pé ó pé 900, lẹ́yìn tó na Detroit. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ó na Virginia nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ka ìṣẹ́gun ẹ̀ẹ̀kẹgbẹ̀rún rẹ̀, ayọ̀ ń ṣubú lu ayọ̀. Ẹ ṣí ìwé NCAA lálẹ́ ọjọ́ yẹn: 899 ló wà níbẹ̀. Eré tó tún borí lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di 900, ìyẹn ìgbà kejì tó máa pé 900 láyé rẹ̀, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́rin sí ti àkọ́kọ́. Ní ti 1,000 inú ìwé àwọn aláṣẹ, àfìgbà tí sáà rẹ̀ tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, lópin ọdún 2022, kó tó bá a.

Ǹjẹ́ ìyà yìí tilẹ̀ dun ẹnikẹ́ni? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tó sanwó wọlé wo eré ọdún 2012 rí ohun tó rí. Kò sí aláṣẹ tó lè wọ́gi lé e lójú rẹ̀. Èyí tó tún wá jọni lójú ni pé ìyà náà kò yí ipò Boeheim padà rárá. Krzyzewski ti Duke, ọ̀gá tí wọ́n jọ jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ìṣẹ́gun 1,202 fẹ̀yìn tì ní 2022. Nínú àwọn kóòṣì ọkùnrin ní ìpele àwọn yunifásítì ńlá, Boeheim ló tẹ̀ lé e nígbà tí òun náà kúrò, yálà ẹ ka 1,116 tàbí ẹ ka 1,015.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé asán ni. Ẹ wo Joe Paterno, kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Penn State. Ìṣẹ́gun 111 ni wọ́n yọ kúrò nínú ìwé rẹ̀ ní 2012, ó ti kú nígbà náà, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń bá wọn fà á títí wọ́n fi dá gbogbo rẹ̀ padà ní oṣù Kìíní ọdún 2015, oṣù méjì péré ṣáájú ìdájọ́ Boeheim. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ ohun yẹpẹrẹ, kí ni wọ́n ń fà á sí? Ní Louisville, ife-ẹ̀yẹ odindi ọdún 2013 ni wọ́n wọ́gi lé, wọ́n sì sọ àsíá tó wà lókè gbọ̀ngàn wọn kalẹ̀ ní 2018. Syracuse kò rí èyí rí.

Eré 9 tí kò sí ní ìwé rẹ̀

Ó ku ẹyọ kan tó ń da ìṣirò rú. Eré 9 tí wọ́n ní kí Boeheim jókòó sílé fún bọ́ sí oṣù Kejìlá 2015 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Mike Hopkins, igbákejì rẹ̀, ló dúró fún un: ó borí 4, ó pàdánù 5. Eré wọ̀nyí wà nínú ìwé Syracuse, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ìwé Boeheim, ní rere tàbí ní búburú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ro gbogbo ìṣẹ́gun Syracuse láti 1976 títí dé 2023 pọ̀ á fi rí 4 lé lórí 1,116.

Sáà tí wọ́n lé e sílé yìí kan náà, ẹ gbọ́ ná, ni Syracuse yọ́ wọ ìdíje oṣù Kẹta lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní wọn kò yẹ, tí wọ́n sì bá a dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ìgbà karùn-ún Boeheim níbẹ̀. North Carolina ló dá wọn dúró.

Wọ́n ti ṣètò pé kó lọ ní 2018, kí Hopkins sì jogún àpèrè. Ní 2017, Hopkins gba iṣẹ́ sí Yunifásítì Washington ní tirẹ̀. Bàbá tún jókòó.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ìwà rẹ̀, ẹni tí kò sì mọ ìwà rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó máa ń kùn ni. Ó ń kùn sí rẹfirí, ó ń kùn sí oníròyìn, ó ń kùn nígbà tó bá borí pàápàá. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ní pápá Duke, ó ku díẹ̀ kí eré parí, Duke sì ń fi àmì méjì ṣíwájú, nígbà tí C.J. Fair ti Syracuse sáré wọlé, ó ju bọ́ọ̀lù, rẹfirí sì fọn fèrè: Fair ló jẹ̀bi, ó kọlu adènà. Boeheim, ẹni ọdún 69, sáré wọ àárín pápá, ó ń fa kóòtù rẹ̀ kúrò lọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ jà ní gáréèjì, apá kan jáde, èkejì há. Wọ́n lé e jáde, ìgbà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú eré sáà láti ọdún 1976. Syracuse pàdánù, 66 sí 60. Ẹ̀rín ni òun fúnra rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn eré.

Ìpàdánù tó kẹ́yìn wá ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 2023, ní Greensboro, ìpínlẹ̀ North Carolina. 74 sí 74 ni. Aago ń parí lọ nígbà tí Daivien Williamson ti Wake Forest ju àmì mẹ́ta, ó wọlé. Àwọn oníròyìn bi Boeheim léèrè bóyá ó ti tán. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣe tààrà, ó ní ọwọ́ yunifásítì ló wà. Kí ọjọ́ tó ṣú, yunifásítì ti kéde pé Adrian Autry, tó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ tó sì tún di igbákejì rẹ̀, ni kóòṣì tuntun.

Ìpàdánù ọjọ́ yẹn sọ gbogbo ìpàdánù rẹ̀ di 441. Ẹ ṣí ìwé tó bá wù yín nínú méjèèjì, 441 náà lẹ máa rí.